Òbúkọ Onírù Ẹja: Ìtumọ̀ Jíjinlẹ̀ Capricorn àti Saturn Tó Ń Darí Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ fi Àbújá ṣe ilé, ẹ̀yin ará Kubwa, Nyanya, Lugbe àti Gwagwalada, mo kí yín púpọ̀. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ fọwọ́ kan ètè yín, ẹ wo gìgísẹ̀ yín, ẹ rántí eruku tó bo ọkọ̀ tí ẹ gbé wá. Ìdajì ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti wà lára yín kí n tó lanu. Afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ yìí tutù, ó sì gbẹ. Òtútù àti gbígbẹ ni àwọn awòràwọ̀ ayé àtijọ́ fi júwe pílánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Saturn, Saturn yìí kan náà ni wọ́n sì fi jẹ olórí Capricorn, àmì ìràwọ̀ tí oòrùn máa ń wọ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ń jà lọ́dọ̀ wa.

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti pàdé Capricorn. Wọ́n á ní ọmọ Capricorn fẹ́ràn owó, ó le, ó ń lépa ipò, kì í rẹ́rìn-ín. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gé àwòrán náà sí méjì, wọ́n mú iwájú, wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Àwòrán Capricorn kì í ṣe òbúkọ lásán. Òbúkọ ni láti orí dé àyà, ẹja ni láti ìbàdí lọ. Ìrù ẹja yẹn ni mo fẹ́ kí a gbájú mọ́, torí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kò lè mọ ohun tí òbúkọ náà ń wá lórí òkè.

Àwọn ará Bábílónì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí, ni ẹran yìí ti ọwọ́ wọn wá. Wọ́n fi í fún òrìṣà wọn kan tó ń jẹ́ Ea, tí àwọn ará Sumer tó ṣáájú wọn ń pè ní Enki. Ea ló ni omi tútù abẹ́ ilẹ̀, òun ló sì ni ọgbọ́n àti iṣẹ́ ọwọ́. Lójú wọn, omi kànga, omi ìsun àti omi odò, abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń bọ̀, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ń gbé. Ẹran tó lè rìn lórí òkúta gbígbẹ, tó sì tún lè wẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi yẹn, ni wọ́n yàn fún òrìṣà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Gíríìkì gba àwòrán náà, wọ́n fi ìtàn tiwọn wé e. Wọ́n ní Pan, òrìṣà wọn ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́, ń sá fún abàmì kan tó ń jẹ́ Typhon, ló bá bẹ́ sódò Náílì, ìdajì tó wọ omi sì di ẹja. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, àmọ́ ti Bábílónì ni mo gbà pé ó jinlẹ̀ jù. Nínú ti àwọn Gíríìkì, ìbẹ̀rù ló bí ìrù ẹja. Nínú ti Bábílónì, ọgbọ́n ni.

Ẹ jẹ́ ká wo òbúkọ náà fínnífínní, torí pé ẹ kò ní rìn jìnnà kúrò ní Àbújá kí ẹ tó rí ewúrẹ́ lórí àpáta. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń gùn. Pátákò náà là sí méjì, ó sì lè ya wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n lè di òkúta mú. Etí pátákò le bí ìwo, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ jù ú lọ. Líle yẹn ló ń kọ́ ẹnu òkúta, rírọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kó yọ̀. Kì í gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ibi tí kò tíì tẹ̀ wò. Ẹni tó bá wá ń wàásù pé kí ọmọ Capricorn máa le ṣáá, kí ó lọ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ewúrẹ́.

Ní ti ojú ọ̀run, oòrùn máa ń wọ Capricorn ní ọjọ́ 21 tàbí 22 Oṣù Kejìlá, á sì jáde ní ọjọ́ 19 tàbí 20 Oṣù Kìn-ín-ní. Àmì kẹwàá ni nínú méjìlá. Wíwọlé rẹ̀ ni ìgbà tí oòrùn bá dé ìpẹ̀kun ìrìn rẹ̀ sí gúúsù, ní ìwọ̀n dígíríì 23.4 sí ìsàlẹ̀ ìlà tó pín ayé sí méjì; ìdí nìyí tí ìlà tó gba ibẹ̀ kọjá nínú máàpù ilé ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́ orúkọ Capricorn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ ọjọ́ náà kì í pé wákàtí 8. Òkùnkùn ti fẹ́ borí, àfi bí oòrùn ṣe dúró, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlà oòrùn ayé àtijọ́ àti Yúróòpù ti rí ìtumọ̀ àmì yìí: ìmọ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ síí gòkè láti ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ní Àbújá, ojúmọmọ ọjọ́ yẹn jẹ́ nǹkan bí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 36. Ó fi bíi wákàtí kan péré dín sí ti Oṣù Kẹfà. Kí ni Capricorn wá lè túmọ̀ sí fún àwa tí òkùnkùn kò bò mọ́lẹ̀? Èmi gbà pé ilẹ̀ Àríwá yìí ní ìdáhùn tirẹ̀, ó sì lè dára ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Nígbà tí Capricorn bá dé, òjò ti lọ tipẹ́. Wọ́n ti kórè ọkà bàbà àti jéró, wọ́n ti kó o sínú rùmbù, àká alámọ̀ tí àwọn Hausa ń mọ. Láti ìgbà náà títí òjò yóò fi padà, ohun tí èèyàn kó pamọ́ ni yóò jẹ. Ẹni tó bá ṣí ẹnu rùmbù rẹ̀ láìmọye, yóò mọ̀ ọ́n lára kí Oṣù Karùn-ún tó dé. Saturn olùṣọ́ àká nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí fàdámà, èyí tí àwa ń pè ní àkùrọ̀, ní àárín ọyẹ́ yìí kan náà. Ilẹ̀ òkè ti gbẹ, ó ti sán, síbẹ̀ àlùbọ́sà àti tòmátì ń hù níbẹ̀ torí pé àgbẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ó kan omi. Gbígbẹ lókè, omi nísàlẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà nínú àkùrọ̀ lóṣù Kìn-ín-ní, òun gan-an ni òbúkọ onírù ẹja.

Kí ló mú kí Saturn jẹ́ olórí ibẹ̀? Kì í ṣe pé ẹnì kan kàn jí, tó sì pín wọn bó ṣe wù ú. Ptolemy, awòràwọ̀ tó gbé ní Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì ní ọ̀rúndún kejì, ṣàlàyé ètò náà. Oòrùn ló ni Leo, òṣùpá ló ni Cancer, àwọn àmì méjì tí ooru àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí jù ní apá àríwá ayé. Láti ibẹ̀, a ó máa kà lọ sí ọ̀tún àti sí òsì: Mercury gba méjì tó tẹ̀ lé wọn, Àgùàlà tí a ń pè ní ajá òṣùpá gba méjì, Mars gba méjì, Jupiter gba méjì. Méjì tó kù lápá ìsàlẹ̀ pátápátá, tó dojú kọ oòrùn àti òṣùpá, ni Capricorn àti Aquarius, Saturn ló sì gbà wọ́n, nítorí òun ló jìnnà jù, tó sì lọ́ra jù nínú gbogbo èyí tí ojú lásán lè rí. Nígbà tí William Herschel rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781, ọ̀pọ̀ awòràwọ̀ gbé Aquarius fún un, àmọ́ kò sẹ́ni tó gba Capricorn lọ́wọ́ Saturn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ kìlómítà tí Saturn fi jìnnà sí oòrùn. Ọdún 29 àti oṣù márùn-ún ààbọ̀ ló fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan, èyí ló fi ń lò tó ọdún méjì ààbọ̀ nínú àmì kọ̀ọ̀kan. Galileo kọ́kọ́ fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó ní 1610, ó ṣe é bíi pé ó ní etí méjì. Christiaan Huygens ló ṣàlàyé pé òrùka ni, ní 1659. Yìnyín ni ó pọ̀ jù nínú òrùka náà, láti orí èyí tó kéré bí ìyanrìn dé èyí tó tó ilé. Fífẹ̀ rẹ̀ ju 270,000 kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi kò nípọn ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Láti ìgbà ayébáyé ni wọ́n ti ń pe Saturn ní ẹni tó ni ààlà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní àmùrè ní ìdí.

Àwọn Róòmù mọ Saturn sí òrìṣà tó ń fúnrúgbìn, inú tẹ́ńpìlì rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó owó ìlú pamọ́ sí. Ọdún rẹ̀, Saturnalia, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá, ọ̀gá a sì máa gbé oúnjẹ fún ẹrú nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Kronos ti àwọn Gíríìkì, ẹni tó ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì bí wọ́n ṣe ń bí wọn, torí ẹ̀rù ń bà á pé ọ̀kan nínú wọn yóò gba ipò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni Saturn: èyí tó fi irúgbìn sínú ilẹ̀, tó lè dúró dè é, àti èyí tí kò fẹ́ kí ohunkóhun dàgbà lẹ́yìn òun. Àwọn baba wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí agbára Capricorn ti ń bàjẹ́, ẹ wo ọ̀gá ọ́fíìsì tó mọ iṣẹ́ gan-an, tó gun àkàbà náà ní ìpele ìpele, àmọ́ tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tó mọ̀. Òbúkọ dé òkè, ìrù ẹja ti gbẹ.

Nínú ìwòràwọ̀ àtijọ́, ara èèyàn náà ní ìpín. Egungun, eyín, awọ ara àti orúnkún jẹ́ ti Saturn àti Capricorn. Gẹ́gẹ́ bí àfiwé, ó bá a mu, nítorí àwọn ni wọ́n ń gbé wa ró, tí wọ́n sì pa ààlà sí wa lára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe oògùn. Òtútù ọyẹ́ lè dá ìrora egungun sílẹ̀ lára ẹni tó ní àrùn sickle cell, ìrora yẹn sì lè gba ẹ̀mí. Ẹni tí egungun bá ń ro lóru, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ fún un lómi mu, kí ẹ fi aṣọ tó móoru bò ó lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní Saturn ló ń jà, kí a kọ́kọ́ wá owó ètùtù wá, ń fi àkókò aláìsàn ṣòfò.

Mo fẹ́ sọ èyí náà kedere: kò sí ẹ̀rí pé pílánẹ́ẹ̀tì ń ti èèyàn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní 1985, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature tẹ ìdánwò tí Shawn Carlson ṣe jáde. Ó ní kí àwọn awòràwọ̀ mú àwòrán ọjọ́ ìbí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì yan èyí tó bá a mu nínú àkọsílẹ̀ ìwà èèyàn mẹ́ta. Èyí tí wọ́n gbà kò ju èyí tí ẹni tó dijú yàn yóò gbà. Nítorí náà, bí mo ṣe ń lo Capricorn ni bí àgbà ṣe ń lo òwe. Òwe kì í fa òjò, àmọ́ ó ń jẹ́ kí èèyàn rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa mọ̀ pé al-Jadī ni Capricorn ń jẹ́ ní èdè Lárúbáwá, Zuḥal sì ni Saturn, àwọn onímọ̀ wọn sì ti ya ìmọ̀ ìṣirò ojú ọ̀run sọ́tọ̀ kúrò lára wíwo àyànmọ́ tipẹ́tipẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn wúlò fún Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a bá ti wá ń lo ìṣirò, kí ó pé. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ọjọ́ ààlà. Ní 2025, oòrùn wọ Capricorn ní ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ní aago Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n bí ní Àbújá ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, Sagittarius ni. Èyí tí wọ́n bí ní aago márùn-ún, Capricorn ni. Ní 2023, ọjọ́ 22 ló wọlé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 21, 22, 19 tàbí 20 kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà gbọ́. Kí ó wá tábìlì ìrìn oòrùn fún ọdún tirẹ̀ gan-an, kí ó sì rántí pé aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich, a kì í sì í yí i síwá sẹ́yìn nínú ọdún. Áàpù ìwòràwọ̀ tó bá fi wákàtí kan kún un ní Oṣù Kẹfà, irọ́ ló ń pa. Ẹni tí wọ́n bí ní Àbújá tó lọ kọ Èkó sínú rẹ̀, torí pé Èkó nìkan ni áàpù náà fi hàn án, ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ṣì í, àmì tó ń yọ ní ìlà oòrùn lákòókò tí wọ́n bí èèyàn sì máa ń fi dígíríì kan sún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Bí ìyá bá wá ní "lẹ́yìn ìrun Àsárì ni mo bí i," tí kò sí wákàtí nínú ìwé ìbí, ẹ fi àmì tó ń yọ sílẹ̀. Saturn kì í sún ju nǹkan bí ìdá mẹ́jọ dígíríì kan lọ lóòjọ́, nítorí náà tirẹ̀ kò ní yẹ̀ láìka àìmọ wákàtí sí.

Ohun tí àwọn awòràwọ̀ ń fi Saturn kà jù lọ ni ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí ibi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí èèyàn, ní nǹkan bí ọmọ ọdún 29 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 58 sí 59. Ẹ má kàn fi ọdún kún ọdún. Saturn máa ń dà bí ẹni tó ń rìn sẹ́yìn fún oṣù mẹ́rin ààbọ̀ lọ́dọọdún, torí pé ayé wa ń yára kọjá lára rẹ̀, ó sì lè fi bẹ́ẹ̀ gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ mú ẹni tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní Oṣù Kìn-ín-ní 1990. Saturn wà ní nǹkan bí dígíríì 16 nínú 30 tí Capricorn ní. Ó padà dé ibẹ̀ ní Oṣù Kejì 2019, ó tún fi ẹ̀yìn rìn gba ibẹ̀ ní ìparí Oṣù Keje, ó sì tún kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni, kò ka tábìlì rẹ̀ tán.

Kí ni ìpadàbọ̀ yìí ń bi èèyàn? Ó ń bi í pé kí ni ó ti gbìn tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe bá ìgbésí ayé wa nílùú yìí mu. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ 30 ọdún kó tó jáde ní yunifásítì kì í sin orílẹ̀-èdè mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un. Òṣìṣẹ́ ìjọba a sì máa fẹ̀yìn tì ní ọmọ 60 ọdún, tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn ẹnubodè méjì yẹn súnmọ́ ìyípo Saturn méjèèjì. N kò sọ pé ìjọba ń wo ìràwọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo ìlú ló ní ibi tó ti ń dá èèyàn dúró béèrè ìwé, ó sì sàn kí èèyàn ti tú àpótí rẹ̀ wò ní ọmọ ọdún 57, kí ó mọ iye ọdún tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, bóyá ọjọ́ ìbí tó wà nínú fáìlì bá ti ìwé ẹ̀rí mu, ta ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ju kí ó jí lọ́jọ́ kan kí ilẹ̀ ti mọ́ bá a.

Lójú àwọn awòràwọ̀, Mars ní ọlá ní Capricorn, ní dígíríì 28, torí pé ooru rẹ̀ rí ìjánu níbẹ̀. Jupiter tó fẹ́ràn fífẹ̀ ni ara kì í rọ̀ níbẹ̀. Èyí tó gba àròjinlẹ̀ ni ti òṣùpá. Cancer, ilé òṣùpá, ló dojú kọ Capricorn. Òṣùpá ni oúnjẹ, ìyá, ẹkún, ilé. Capricorn tó bá gbàgbé pé òun dojú kọ ilé yẹn yóò kọ́lé ńlá sí Àbújá, kò ní sí ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrù ẹja náà nìyẹn lọ́nà mìíràn.

Àwọn kan máa ń béèrè ìdí tí àmì àti ìràwọ̀ gidi kò fi bá ara wọn mu mọ́. Ayé ń mì nílẹ̀ bí òkòtó tí agbára rẹ̀ ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí a fi ń ka ọ̀run ń fi dígíríì kan sún ní nǹkan bí ọdún 72 ọdún 72. Ìyàtọ̀ náà ti tó dígíríì 24 báyìí. Ojúlówó ìràwọ̀ Capricorn, nǹkan bí ọjọ́ 20 Oṣù Kìn-ín-ní sí àárín Oṣù Kejì ni oòrùn ń gbà á kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn ará Íńdíà, tó ń fi ìràwọ̀ gidi ṣe òṣùwọ̀n, fi ń ṣọdún wíwọ Makara, Capricorn tiwọn, ní ọjọ́ 14 tàbí 15 Oṣù Kìn-ín-ní. Ètò méjì ni, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Ẹ kò lè rí Capricorn lásìkò yìí, torí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló bò ó. Ẹ dúró di ìparí Oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ti ń lọ tí eruku ọyẹ́ kò tíì dé. Ẹ jáde ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, kí ẹ kúrò níbi iná ìlú, ọ̀nà Abaji tàbí Bwari dára. Ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ gbé orí sókè gan-an. Ìràwọ̀ rẹ̀ kò tàn púpọ̀, wọ́n tò bí igun mẹ́ta gbọọrọ. Ní ọwọ́ ọ̀tún yín ni orí òbúkọ, níbi tí Algedi wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú yóò rí i pé méjì ni, tí wọ́n sún mọ́ra. Ẹ wá fi ojú tẹ̀ lé e lọ sí òsì títí dé ìpẹ̀kun. Ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Deneb Algedi, láti inú èdè Lárúbáwá: ìrù ọmọ ewúrẹ́. Òun ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo wọn.